Ìwé Ara Fìríìjì

Ohùn Doug, ọkọ mi, ni mo gbọ́ nínú fóònù lọ́jọ́ Àìkú yẹn, nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ní, "Glenys, mo ti jáde. Ya ìwé yẹn." Mo bi í bóyá ebi ń pa á. Kò dáhùn, ìlà sì gé. Mo lọ sídìí fìríìjì, mo já ìwé náà, mo ya á sí méjì, mo jù ú sínú iná ààrò, mo sì jókòó ti ọ̀dùnkún tí mo fẹ́ bó fún oúnjẹ alẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló ṣe mí bákan. Ní Guthega, ìlú kékeré tí ọ̀nà mọ́tò parí sí lórí òkè, afẹ́fẹ́ kì í sinmi. Ẹni tó bá pè ọ́ láti ibẹ̀, o máa gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń gbá fóònù rẹ̀ lẹ́nu, o máa gbọ́ ọkọ̀ tó ń kó yìnyín, o máa gbọ́ àwọn èèyàn tó ń pariwo pé ọwọ́ àwọn ti kú. Ohùn Doug nìkan ni mo gbọ́. Kò sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀, kò tiẹ̀ sí èémí. Mo sọ fún ara mi pé inú ọkọ̀ ló wà, pé ó ti yí gíláàsì fèrèsé sókè.

Ní Jindabyne níbí, kò sí ọmọ tí wọ́n bí sí ẹsẹ̀ òkè tí kò mọ ìwé tí mò ń sọ yìí. Ẹni tó bá ń gun òkè lọ nígbà yìnyín á kọ ọ́: ta ló ń lọ, ọ̀nà wo ló máa gbà, ahéré wo ló máa sùn sí, ọjọ́ wo àti aago mélòó ló máa padà. Á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì ẹni tó fọkàn tán. Bó bá ti jáde láyọ̀, á pè, wọ́n á ya ìwé. Bí aago bá kọjá tí kò pè, ẹni tó ni fìríìjì á ké sí àwọn awáni, àwọn tó ń wá ẹni tó bá sọnù sórí òkè. Àwọn bàbá wa ṣe bẹ́ẹ̀, àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó rò ó rí pé ẹlòmíràn lè gba ipò ẹni pè.

Nígbà tí Doug kò délé lálẹ́, ọkàn mi balẹ̀. Ó máa ń sùn sọ́dọ̀ Merv, àbúrò rẹ̀, tó ń tú yìnyín kúrò lójú ọ̀nà ní Guthega. Merv náà ni olórí àwọn awáni. Lọ́jọ́ Ajé mo pe Merv, ó ní ìlú Cooma lòun ti lọ rí dókítà, pé eyín ń dun òun. Ó bi mí, "Ṣé ó pè ọ́ pé òun ti jáde?" Mo ní ó pè. Ó ní, "Ó ti jáde nìyẹn. Lọ wò ó nílé ọtí." A jọ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú ni àwọn awáni rí i lábẹ́ àpáta kan, lẹ́yìn tí Merv ti Cooma dé tó bá ọkọ̀ rẹ̀ ní Guthega. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ẹ̀rọ kékeré tó yẹ kó ké sí ọlọ́pàá wà lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀, ó ti tẹ̀ ẹ́ títí ojú bọ́tìnnì náà fi sàmì sí i lára, ẹ̀rọ náà kò sì ké sí ẹnì kankan. Fóònù rẹ̀ ni wọ́n bá nínú ọkọ̀ rẹ̀ ní Guthega, níbi tó fi í sí kó tó gbéra. Àwọn tó ń bójú tó fóònù ní kò sí ìpè kankan tó wọ ilé mi lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Ọlọ́pàá tó wá sọ ọ́ fún mi kò lè wò mí lójú.

Ìwé pélébé kan wà nínú àpò Doug. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Àbámẹ́ta: "Ẹsẹ̀ ti kán. Kò burú. Ìwé wà lọ́wọ́ Glenys." Àìkú: "Wọ́n máa tó dé. Ìwé wà lọ́wọ́ Glenys." Ajé: "Ìwé wà lọ́wọ́ Glenys." Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, orúkọ mi nìkan ló kọ. Dókítà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló kú. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ọkọ mi fi ń dúró dè mí, èmi sì ti fi ìwé rẹ̀ dáná.

Ọdún yípo. Ní oṣù kẹjọ, tó jẹ́ ìgbà yìnyín lọ́dọ̀ wa, Kirra, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, tẹ́ máàpù sórí tábìlì ilé ìdáná, ó ní òun àti Tamsin ọ̀rẹ́ òun ń lọ sórí òkè. Láti Guthega ni wọ́n máa ti wọ síkì, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń dè mọ́ bàtà, wọ́n máa yọ̀ gba ojú yìnyín kọjá dé ahéré tí Doug ń lọ tí kò dé. Ìwé àbẹ̀wò kan wà nínú ahéré yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá débẹ̀ á kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Kirra fẹ́ lọ kọ orúkọ bàbá rẹ̀.

Mo ní, "Mi ò fọwọ́ sí i."

Ó ní, "Mọ́mì, mo mọ̀. Ẹ ò ní fọwọ́ sí i, àmọ́ ẹ máa lẹ ìwé náà mọ́ fìríìjì."

"Lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti ẹlòmíràn."

"Ta ni kí n lọ bá? Ṣé kí n lọ bá ìyá Tamsin tí kì í rántí ọjọ́ ìbí ara rẹ̀?"

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, bí mo bá kọ̀, yóò lọ láìkọ ìwé kankan. Mo ronú ìyẹn wò, ẹ̀rù sì bà mí ju ìrìn àjò náà fúnra rẹ̀ lọ. Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀.

Merv wá lọ́jọ́ kejì láti bá wa wo ẹrù. Láti ìgbà tí Doug ti kú, ó ti rù bí igi gbígbẹ, ó sì ti gbé wọkitọ́kì kan sórí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná mi kí n lè máa bá a sọ̀rọ̀ nígbà tó bá wà lókè. Ó dúró ti ẹrù Kirra, ó ń fẹsẹ̀ taari àwọn àpò oúnjẹ.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ fẹ́ lò, àbí ilé oúnjẹ lẹ fẹ́ lọ ṣí?"

Kirra ní, "Àǹkú Merv, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ru páálí bíà gun òkè, ẹ tún ń sọ̀rọ̀ ẹrù!"

"Bíà kì í ṣe ẹrù. Oògùn ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. A ka gbogbo rẹ̀ síta: ọ̀pá àgọ́, epo ìdáná, ṣọ́bìrì, ìbọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ̀rọ tó ń ké sí ọlọ́pàá, tí Merv tẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta. A tò ó, a tún un tò. Kirra kọ ìwé náà: ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń lọ, ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń bọ̀, láti Guthega padà sí Guthega. Bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá lù tí n kò gbúròó wọn, kí n ké sí Merv.

Ìgbà yẹn ni Merv rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó bá pè tí kò sọ ọ́, kì í ṣe Kirra." Kò wo ojú ẹnikẹ́ni bó ṣe sọ ọ́. Kirra fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wò wá, ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu.

Mo ní, "Orúkọ ajá wa." Tuppence lorúkọ ajá náà, ó ti kú láti ìgbà tí Kirra wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe ń lẹ ìwé náà mọ́ ara fìríìjì lọ́wọ́, fóònù dún. Mo gbé e. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mo ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ kan tó fẹ̀, irú èyí tó máa ń wà nínú igbó nígbà tí yìnyín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Mo sọ ọ́ kalẹ̀. Ó tún dún. Lẹ́ẹ̀kẹta, Merv ló gbé e, ó fetí sí i pẹ́, ó rọra gbé e padà.

Ó ní, "Àṣìpè ni." Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí fóònù náà síbẹ̀, bí ẹni tó ń di ìlẹ̀kùn mú kí ẹnì kan má wọlé.

Wọ́n lọ lọ́jọ́ Ẹtì. N kò sùn dáadáa, n kò jẹun dáadáa. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì, mo máa ń fọwọ́ kan ìwé náà. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, ojú kò sì tì mí. Mo ní, "Èmi nìyí o. Ọwọ́ mi lo wà."

Lọ́jọ́ Àìkú, ní aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù dún.

"Mọ́mì, a ti jáde. Ẹ ya ìwé yẹn."

Ohùn ọmọ mi ni. Bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ tó bá kẹ́yìn ni ó fà á. Kò sí afẹ́fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ọkọ̀, kò sí ẹsẹ̀ èèyàn, kò sí èémí.

Mo ní, "Kí lorúkọ ajá wa?"

Kò dáhùn.

"Kirra, jọ̀ọ́. Kí lorúkọ ajá?"

Ìlà gé. Mo pe nọ́ńbà rẹ̀, wọ́n ní ó ti pa á. Mo pè é títí, n kò mọ iye ìgbà. Mo pe ti Tamsin, òun náà kò lọ. Mo wá pe Merv ní Guthega.

Ó ní kí n fara balẹ̀. "Glenys, ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá."

Mo ní, "Merv, ejò ni. Bó ṣe dákẹ́ lẹ́yìn ohùn Doug ló dákẹ́ lẹ́yìn ohùn rẹ̀."

Mo gbọ́ tó fa síìpù kóòtù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bí wọ́n bá ti jáde lóòótọ́, ọkọ̀ Kirra ò ní sí níbí mọ́. Dúró." Mo ń gbọ́ bàtà rẹ̀ lórí yìnyín, mo ń gbọ́ afẹ́fẹ́ Guthega tó ń gbá a. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró.

"Ọkọ̀ rẹ̀ wà níbí. Yìnyín ti bò ó dé fèrèsé. Ẹnì kankan ò fọwọ́ kàn án."

Ó tún ní, "Ẹ̀rọ rẹ̀ ò tíì ké. Aago mẹ́fà la sì kọ sínú ìwé. Ìjì ń bọ̀, ojú ọjọ́ ò dáa rárá."

Èmi ni mo sọ ohun tí mo sọ. N kò lè sọ pé ẹlòmíràn ló fi sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Ẹ̀rọ ti Doug náà ò ké. Lọ́dún tó kọjá a dúró, Merv. Ìwọ lo ní kí n lọ wò ó nílé ọtí."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Mò ń lọ. Sọ fún àwọn yòókù kí wọ́n pàdé níbí ní aago mẹ́rin. Màá ṣíwájú dé odò, kí n rí ipa síkì wọn kí ìjì tó pa á rẹ́." Mo gbọ́ tó ṣáná sí ọ̀kadà orí yìnyín rẹ̀. Mo pe àwọn awáni ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó sórí àga níwájú fìríìjì, mo ń wo ìwé náà. Bí Ọlọ́run bá ń gbọ́ mi lọ́sàn-án yẹn, mo ti bẹ̀ ẹ́ tó.

Nígbà tí aago mẹ́rin kù díẹ̀, ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí, Kirra wọlé.

Imú rẹ̀ pọ́n, síkì wà léjìká rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì! Kí ló dé tí ẹ jókòó sínú òkùnkùn?"

Mo dì mọ́ ọn, mo ń fọwọ́ tẹ ojú rẹ̀, etí rẹ̀, ìka rẹ̀. Ara rẹ̀ tutù, ó ń rùn bí epo ìdáná àti òógùn, ọmọ mi ni. Ó ń ṣàlàyé, ó ń rẹ́rìn-ín: afẹ́fẹ́ le lórí òkè, àwọn kò fẹ́ gba ọ̀nà Guthega mọ́, àwọn yọ̀ gba ẹ̀yìn òkè sọ̀kalẹ̀ sí ìlú Thredbo, ọ̀rẹ́kùnrin Tamsin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sì fi ọkọ̀ gbé àwọn wálé. Ọ̀la lòun máa lọ gbé ọkọ̀ òun ní Guthega. Àwọn tiẹ̀ jókòó jẹ ọ̀dùnkún díndín kí àwọn tó máa bọ̀. "Mo kọ orúkọ Dádì," ó ní. "Mo kọ ọ́ gàdàgbà."

Gbogbo rẹ̀ wá yé mi lójú ẹsẹ̀, àbí mo rò pé ó yé mi. Láti Thredbo ló ti pè mí, bátìrì fóònù rẹ̀ ló kú kó tó dárúkọ ajá. N kò bi í léèrè. Mo sáré lọ gbé wọkitọ́kì.

"Merv! Merv, Kirra ti délé! Ara rẹ̀ le! Padà!"

Ó kọ́kọ́ ń ṣe kṣ kṣ. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ òkè gan-an, àti ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà tó ń kùn lábẹ́ rẹ̀. Merv ní, "Ọpẹ́ o! Mo ti ń yí padà. Sọ fún àwọn ọmọkùnrin yẹn kí wọ́n máa lọ sílé wọn. Gbé kẹ́tù kaná, Glenys."

Kirra gba nǹkan náà lọ́wọ́ mi, ó pariwo sínú rẹ̀ pé, "Àǹkú Merv, ẹ forí jì mí o!" Ohùn náà rẹ́rìn-ín. Èmi àti ọmọ mi rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Mo pe àwọn awáni tó ti ń tò sí Guthega, mo ní kí wọ́n máa lọ. Mo já ìwé náà kúrò lára fìríìjì, mo ya á, mo gbé kẹ́tù kaná.

Omi hó. Ó tutù. Mo tún un gbé kaná. Aago mẹ́fà lù, ìjì ti dé, Merv kò pè. Mo pè é nínú wọkitọ́kì, kò sí ẹni tó dáhùn. Nígbà tí àwọn awáni fi padà dé Guthega, ènìyàn kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Wọ́n lọ títí dé ibi tí wọ́n lè lọ, ìjì dá wọn padà.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n rí i. Yìnyín tó bo ojú odò ló wó lábẹ́ ọ̀kadà rẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà lára ọ̀kadà náà tó ń kọ àkókò sílẹ̀, ó fi hàn pé aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú sínú omi. Wọkitọ́kì rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀kadà, ó ti fọ́. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú tí ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ ni èmi àti Kirra gbọ́ tó ní kí n gbé kẹ́tù kaná.

Merv kò kú sínú odò. Ìbàdí rẹ̀ ti fọ́, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ wọ́ ara rẹ̀ dé abẹ́ igi, ó ya ẹ̀ka igi lé ara rẹ̀. Ó kọjú sí ọ̀nà tí àwọn awáni máa gbà wá. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó rí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ Ajé. Àwọn ọkùnrin mẹ́sàn-án tí mo ní kí wọ́n máa lọ sílé ní aago mẹ́rin, nǹkan bí wákàtí kan ni wọn ì bá fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí mo ń ronú sí i lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń pa mí lára jù. Lọ́dún tó kọjá, ohun tó ń fi ohùn wọn pè mí kò mọ̀ pé a máa ń gbọ́ afẹ́fẹ́ lẹ́yìn ẹni tó bá ń pè láti orí òkè. Ó ti wá mọ̀ báyìí, ó sì mọ ẹ̀rín Merv. Ayé sú mi. Ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀, àwọn méjèèjì jókòó sínú yìnyín, wọ́n ń wo ọ̀nà, ọwọ́ kan náà yìí ni mo sì fi ya ìwé lẹ́ẹ̀mejèèjì.

A sin Merv lọ́jọ́bọ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, èmi àti Kirra ń fọ àwo nílé ìdáná. Ó ti ń fọ àwo kan náà fún ìgbà pípẹ́.

Ó ní, "Mọ́mì, mi ò fẹ́ bi yín tẹ́lẹ̀. Aago mẹ́fà la kọ. Kí ló mú kí ẹ ní kí Àǹkú Merv lọ ní aago méjì?"

Mo ní, "Má dá ara rẹ lẹ́bi. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ pé bátìrì kú."

"Bátìrì wo?"

"Nígbà tó o pè mí láti Thredbo. Ìlà gé kó o tó dárúkọ ajá. Èmi ni mi ò ní sùúrù."

Ó gbé àwo náà kalẹ̀. Omi ń kán sílẹ̀ láti ọwọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Mọ́mì, láti àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni òtútù ti pa fóònù mi, ti Tamsin náà kú. Mi ò pè yín. Aago mẹ́fà ṣì jìnnà, mo mọ̀ pé màá ti délé ṣáájú ìgbà yẹn. Mi ò pe ẹnikẹ́ni."

Mo ń ka wákàtí lọ́kàn mi. Ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọmọ mi wà ní Thredbo, ó ń jẹ ọ̀dùnkún díndín lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, láyọ̀ àti àlàáfíà. Ó ti jáde. Ó tọ́ kí n ya ìwé náà. Òótọ́ pọ́ńbélé ni ohun tó wà nínú fóònù yẹn sọ fún mi, nítorí ó mọ̀ pé mi ò ní gbà á gbọ́.